Iyanrìn Ẹ̀yìn Dáhùnsi

Láyé ìgbà kan, adúgbò méjì ni ìlú Ìdó-Àràbà pín sí, Òkè-Ìta àti Ìsàlẹ̀-Odò, adúgbò kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹgbẹ́ ìjàkadì tirẹ̀ fún àwọn ọmọkùnrin. Bí ọmọ bá ti tó ẹni tó lè dá lọ sóko, wọn a mú un lọ bá olùkọ́ ẹgbẹ́. Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ sọ gbogbo wọn di oníjà. Àwọn àgbà ìgbà náà mọ̀ pé ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ bá dí kì í ráyè ìwà pálapàla, wọ́n sì mọ̀ pé ọ̀rẹ́ tí a bá jọ yí nínú iyanrìn máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́.

Arówólò ni olùkọ́ Òkè-Ìta. Nígbà èwe rẹ̀, ọdún méje gbáko ni ẹnikẹ́ni ò fi rí ẹ̀yìn rẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ayé ò ṣe gbogbo rẹ̀ tán fún ẹnì kan. Ìyàwó rẹ̀ kú láìbímọ, kò sì fẹ́ òmíràn mọ́. Ẹgbẹ́ ìjàkadì yìí ló kù tó ń jí fún, òun àti Dáhùnsi, ọmọ tí àbúrò rẹ̀ fi sílẹ̀ sáyé lọ. Ohun tó ń tọrọ ní gbogbo òwúrọ̀ ni kí ẹgbẹ́ náà má parun mọ́ òun lọ́wọ́, kí Dáhùnsi lè gbà á lọ́jọ́ tí agbára òun bá tán.

Àṣà kan wà nínú ìjàkadì ìlú náà tí àwọn àlejò máa ń fi rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá dá ọmọ, olùkọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò wọ agbo, yóò fà á dìde lójú gbogbo ènìyàn, yóò gbọn iyanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ nù, yóò wá bi í léèrè ohun tó gbé e ṣubú. Ọmọ náà gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ó lè ní ẹsẹ̀ òsì òun ló yọ̀, ó sì lè ní òun ló tètè bínú. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá dáhùn tán ni wọ́n tó ń pàtẹ́wọ́ fún ẹni tó borí. Báyìí ni ìṣubú kì í fi í di ìtìjú fún ọmọ kankan ní Ìdó-Àràbà.

Nígbà tó yá, Ìsàlẹ̀-Odò bẹ̀rẹ̀ sí í borí Òkè-Ìta nínú ìdíje ọdọọdún wọn. Wọ́n borí lọ́dún kìn-ín-ní, wọ́n borí lọ́dún kejì. Nígbà tí wọ́n tún borí lọ́dún kẹta, àwọn tó ń jókòó nídìí agbẹ̀dẹ sọ Arówólò ní Agbọnyanrìn, wọ́n ní iṣẹ́ kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀fẹ̀ lásán ni wọ́n ń ṣe, àmọ́ ẹ̀fẹ̀ a máa gún ni bí ẹ̀gún nígbà mìíràn. Ọkùnrin náà délé, kò lè jẹun. Ó dà bíi pé gbogbo ọdún méje tí ó fi jẹ́ akọni ti bọ́ sódò.

Lọ́jọ́ kejì, ó kó àwọn ọmọ jọ sórí pápá. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n.

“Láti òní lọ,” ó ní, “ẹni tí wọ́n bá dá, kó dá ara rẹ̀ gbé dìde. Kí ẹnikẹ́ni má na ọwọ́ sí i. Pẹ̀lú iyanrìn lẹ́yìn ni yóò gba ojú ọjà kọjá délé, kí ìyá tó bí i lè rí ohun tó bí.”

Lákọ̀ọ́kọ́, àfi bíi pé òfin náà ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọmọ ń jà kíkankíkan, Arówólò sì ń mi orí. Kò pẹ́ tí àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í ge ara wọn jẹ nínú agbo, nítorí ẹni tí ìtìjú ń lé kì í wo ẹsẹ̀ ọ̀nà. Ọmọ kan kán ní ìka, ó fi pa mọ́ títí tó fi jiná ní wíwọ́, kí wọ́n má baà pè é ní ọ̀lẹ. Ọmọ mìíràn gba ojú ọjà kọjá pẹ̀lú iyanrìn lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn ọmọbìnrin ibi omi fi í kọrin, kò sì padà wá mọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, èjèèjì, wọ́n ń dín kù.

Ibi tí àwọn tó kúrò gbà lọ kò dára. Ìdí agbè ẹmu ni púpọ̀ nínú wọn ń jókòó sí láti ọ̀sán. Wọ́n mú méjì níbi tí wọ́n ti ń jí ewúrẹ́ ní abúlé kejì, ìtìjú rẹ̀ sì bo adúgbò mọ́lẹ̀. Àwọn ìyá wá bá Arówólò, wọ́n ní kó bá àwọn pe ọmọ àwọn padà. Ó dá wọn lóhùn pé ìyàngbò ni atẹ́gùn ń gbé lọ, pé ọkà ṣì wà lórí àtẹ. Bẹ́ẹ̀, tí ó bá ku òun nìkan nínú ilé, a máa ka orúkọ àwọn tó lọ náà lọ́kàn, ọkàn rẹ̀ a sì bàjẹ́. Ìgbéraga ni kò jẹ́ kó lè pe èyíkéyìí nínú wọn. Nígbà tí òjò ọdún kejì fi máa dá, ọmọ mẹ́rin péré ló kù.

Dáhùnsi wà lára wọn, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Àbẹ̀kẹ́, ìyá rẹ̀, ló kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ó ń tiro nígbàkigbà tó bá rò pé ẹnikẹ́ni ò wo òun. Ó ká a mọ́ ibi tó ti ń fi omi gbígbóná jó orúnkún ní ẹ̀yìnkùlé, ló bá wá kúnlẹ̀ níwájú Arówólò. Ìdíje ọdún náà ku ọjọ́ mẹ́fà.

“Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo orúnkún ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ kó sinmi lọ́dún yìí. Òun nìkan ni àbúrò yín fi sílẹ̀ fún mi.”

Arówólò pe ọmọ náà, ó bi í bóyá orúnkún ń dùn ún. Dáhùnsi wo ìyá rẹ̀, ó wo olùkọ́ rẹ̀.

“Kò dùn mí, Bàbá.”

Irọ́ ni, Arówólò sì mọ̀. Ó ti rí orúnkún náà níjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, ó wú bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó pọ́n jù. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́rin ni adúgbò kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú wọ agbo. Tí Dáhùnsi bá jókòó, Òkè-Ìta kò ní lè jáde rárá, a jẹ́ pé ẹgbẹ́ ti kú nìyẹn. Ó sọ fún Àbẹ̀kẹ́ pé ó ti gbọ́ ohun tí ọmọ rẹ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ. Obìnrin náà dìde, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ọjọ́ ìdíje pé, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ iṣu tuntun tán. Ojú ọjọ́ ṣú láti àárọ̀, òjò kò sì rọ̀. Bí wọ́n ti máa ń ṣe, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan tò sẹ́yìn olùkọ́ wọn. Ọgbọ̀n ọmọ ló wà lẹ́yìn Ṣógbàmú, olùkọ́ Ìsàlẹ̀-Odò, àwọn kéékèèké inú wọn ń ti ara wọn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mẹ́rin ló wà lẹ́yìn Arówólò, kò sì sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ọmọ Òkè-Ìta méjì ṣubú, ẹ̀kẹta borí. Ó wá ku Dáhùnsi. Tó bá borí, ọ̀mì ni, ẹ̀gàn yóò sì tán lórí Arówólò. Ó wọ agbo, ó di alátakò rẹ̀ mú, fún ìgbà díẹ̀ ó dà bíi pé yóò borí. Ìgbà tó fẹ́ yí ìbàdí ni orúnkún yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀ gbì.

Ó gbé orí sókè, ó wo iwájú. Arówólò ló wà níbẹ̀, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Ọmọ náà na ọwọ́ sí i, bóyá ó gbàgbé òfin, bóyá ìrora ni kò jẹ́ kó rántí. Ọwọ́ Arówólò fẹ́ jáde. Àwọn tó wà nítòsí sọ lẹ́yìn náà pé àwọn rí i tí èjìká rẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n ó ká ọwọ́ méjèèjì lé àyà, ó sì gbé ojú kúrò.

Ṣógbàmú ló wọ agbo. Ó fa ọmọ ọlọ́mọ dìde, ó rọra gbọn iyanrìn ẹ̀yìn rẹ̀ nù, ó bi í léèrè ohun tó gbé e ṣubú.

“Orúnkún mi ni, Bàbá. Ó ti ń dùn mí láti oṣù tó kọjá.” Dáhùnsi nu ojú, ó tún ní, “Ṣé yóò ti san kó tó di ọdún tó ń bọ̀? Mo ti mọ bó ṣe dá mi. Kò ní lè dá mi bẹ́ẹ̀ mọ́.”

Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, gbogbo ojú sì yí sọ́dọ̀ Arówólò. Ìtìjú gbé e lọ́kàn, ó sì di ìbínú. Ó fò wọ agbo, ó ní ta ló ní kí Ṣógbàmú fọwọ́ kan ọmọ òun. Ó gbá a mú ní ìbàdí bí ìgbà tí wọ́n wà léwe.

“Arówólò, fi mí sílẹ̀,” ni Ṣógbàmú wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Agbo àwọn ọmọdé rèé.”

Kò fi í sílẹ̀. Ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ọgbọ́n tó fi di akọni nígbà kan rí. Ṣógbàmú kò dá a o, ó kàn yẹra ni. Arówólò fi ìdí sọlẹ̀, gbogbo agbo gbọ́ bí egungun ìtan rẹ̀ ṣe dún.

Gbogbo ìlú wà níwájú rẹ̀, kò wo ẹnì kankan nínú wọn. Ẹ̀yìn ló yí ọrùn sí, tó ń wá àwọn tirẹ̀. Ibi tí ó yẹ kí ọmọ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n wà, ọmọ mẹ́ta ló rí. Wọ́n ká ọwọ́ lé àyà, wọ́n gbé àgbọ̀n sókè, gẹ́gẹ́ bó ṣe kọ́ wọn gẹ́lẹ́. Ẹ̀yìn wọn, ilẹ̀ lásán ni.

“Ẹ gbé mi,” ó ní.

Wọn ò mira. Akínpẹ̀lú, tó dàgbà jù nínú wọn, ló dáhùn.

“Bàbá, ẹ ní a ò gbọdọ̀ na ọwọ́ sí ẹni tó bá ṣubú.”

Kò sí ẹ̀gàn nínú ohùn ọmọ náà, ẹ̀rù ló ń bà á. Dáhùnsi nìkan ló tiro wá, ó mú ọwọ́ bàbá rẹ̀, ó fà á, orúnkún náà kò sì gbà fún un. Ó ṣubú tì í. Àwọn ọmọ Ìsàlẹ̀-Odò ni wọ́n fi ẹní gbé Arówólò délé, iyanrìn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀.

Kò fẹsẹ̀ rìn mọ́ títí ó fi kú. Àwọn mẹ́ta yòókù kúrò nínú ẹgbẹ́ kí oṣù tó parí, eèsún sì bo pápá Òkè-Ìta. Dáhùnsi sọdá lọ sọ́dọ̀ Ṣógbàmú. Orúnkún rẹ̀ san díẹ̀, kò san tán, kò sì lè wọ agbo mọ́, ṣùgbọ́n ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ. Nígbà tó yá, àwọn ọmọ Òkè-Ìta kéékèèké bẹ̀rẹ̀ sí í sọdá odò lọ bá a. Láti orí ẹní rẹ̀ ni Arówólò ti máa ń gbọ́ ẹ̀rín wọn tí wọ́n bá ń kọjá lọ, a sì máa sunkún láìfi pa mọ́.

Nígbà tí àwọn àgbà ìlú wá kí i kẹ́yìn, ó ní òun ní ọ̀rọ̀ kan láti sọ.

“Ọjọ́ kan náà ni èmi àti ọmọ yẹn ṣubú. Ó wo iwájú. Èmi kọ̀ láti na ọwọ́ sí i, ó sì wò kọjá mi, ó rí ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tó kàn mí, kò sí ọdún kankan níwájú mi mọ́. Mo wo ẹ̀yìn, mo sì rí àwọn ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi lé lọ.”

Àwọn àgbà náà gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ délé bó ṣe sọ ọ́, wọ́n sì fi lé àwọn ọmọ wọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ló ti di òwe tí àwọn àgbà ń pa títí dòní, pé bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú; bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.