Okùn Tí Fágbèmí Dẹ̀

Ohun a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹ bi Fágbèmí apẹja wò.

Odò kún, ó ń ru gùdù láàárín àpáta. Níbi tí Fágbèmí àti Àrìnpé ìyàwó rẹ̀ ti ń kó àwọ̀n ni ẹsẹ̀ obìnrin náà ti yọ̀, ó já sómi. Ó di gbòǹgbò igi mú, ṣùgbọ́n okùn àwọ̀n ti lọ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ìdí okùn sì wà lọ́wọ́ ọkọ rẹ̀ létí odò. Àyà Fágbèmí já. Ó fà á tagbáratagbára. Bó ti ń fà ni okùn ń fún, tí orí Àrìnpé ń rì.

“Ẹ dẹ̀ ẹ́, Bàbá Àyìnlá!” Omi kún un lẹ́nu. “Ẹ fẹ̀sọ̀ ṣe é!”

Bí òun bá dẹ̀ ẹ́, tí odò bá gbé e lọ ńkọ́? Síbẹ̀, Fágbèmí bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Omi gbà á, ó ká a bí ejò, ó tún nà án, okùn sì tú kúrò lẹ́sẹ̀ Àrìnpé. Obìnrin náà di gbòǹgbò náà mú, ó wọ́ jáde.

Fágbèmí jókòó sínú ẹrẹ̀.

“Ẹ̀yin lẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí,” ni Àrìnpé wí, ó sì di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú pinpin.