Ṣítù àti Kẹ̀kẹ́ Tó Ju Baálẹ̀ Lọ

Baálẹ̀ Ìdí-Orógbó gbé ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ kan tó ti dógùn-ún síwájú Ṣítù, obìnrin tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe. Ó ní bí kò bá lè sọ ẹni tó ṣe é àti ọjọ́ orí rẹ̀, kó fi ìlú sílẹ̀. Ṣítù kúnlẹ̀, ó ní, "Baálẹ̀ wa, ta ló dàgbà jù, ẹ̀yin ni àbí kẹ̀kẹ́?" "Kẹ̀kẹ́ ni." "Ṣé ọmọdé ń bi àgbà léèrè ọjọ́ orí rẹ̀ lórí ìdúró? Ẹ dọ̀bálẹ̀ fún un ná." Baálẹ̀ yára yí ohùn padà: "Èmi ni mo dàgbà jù!" "A jẹ́ pé ìṣojú yín ni wọ́n ṣe é. Ta ló ṣe é?" Baálẹ̀ ní kó máa lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀tún Baálẹ̀, tó dúró tì í, ti nà gbalaja síwájú kẹ̀kẹ́: "Ẹ kú àárọ̀, baba."