Koríko Olómi Tí Ọ̀yà Tà

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi ré pàtì, kò bọ́ sórí igi, kò bọ́ sórí ọ̀pẹ, orí Ọ̀yà ló bà lé. Ẹ̀yin tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, ẹ rọra o. Àlọ́ tòní kì í ṣe ti ẹ̀rín.

Koríko ni Ọ̀yà fi ń ṣòwò. Bí òjò bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, á gé koríko, á sá a sóòrùn, á máa yí i padà títí yóò fi gbẹ. Á dì í, á kó o sínú àká. Àwọn ẹranko yòókù a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ọ̀yà, ta ni yóò ra ohun tó kún inú igbó?"

Ọ̀yà a máa gé koríko rẹ̀ lọ.

Ọ̀dá wá dá lọ́dún kan. Ilẹ̀ sán, pápá di eruku. Àwọn ẹlẹ́yà wá tò sẹ́nu ọ̀nà Ọ̀yà. Ẹfọ̀n ló ní kí wọ́n so igi ìwọ̀n, òkúta lápá kan, koríko lápá kejì. Ẹni tó bá gba koríko tó wúwo tó òkúta, yóò fi iṣẹ́ oòjọ́ kan san án lóko Ọ̀yà.

Ẹtu wà lára wọn. Ọmọ kan ṣoṣo ló ní, ọmú rẹ̀ sì ti gbẹ.

"Bàbá Ọ̀yà, ẹ jọ̀ọ́, èyí tó dáa ni kí ẹ fún mi. Ọmọ yìí ni mo ní láyé."

"Ìyá Ẹtu, ṣé èmi náà kì í ṣe ọlọ́mọ ni?"

Àbí ẹ ò gbọ́ ẹnu dídùn!

Ọ̀yà rí i pé koríko gbígbẹ fúyẹ́, òkúta kan ń kó ìdì púpọ̀ lọ. Ojúkòkòrò wọ̀ ọ́ lára. Ó gbọ́n omi tó ṣẹ́kù nínú adágún kan ṣoṣo tó wà nítòsí tán pátápátá, ó ń wọ́n ọn sí koríko nínú àká, ó ń fẹsẹ̀ kì í mọ́lẹ̀, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Mo bomi wọ́n koríko,
*Ṣàrà ń ṣàrà.*
Òkúta ń gòkè lọ,
*Ṣàrà ń ṣàrà.*
Ẹ wá roko mi fún mi,
*Ṣàrà ń ṣàrà.*

Àwẹ̀ró, ìyàwó rẹ̀, pè é. "Bàbá àwọn ọmọ, mo ti ọwọ́ bọ àárín koríko yìí, ó ń gbóná."

"Omi ló ń paná. Ìgbà wo ni omi ń dáná?"

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fẹsẹ̀ tẹ ààtàn láàárọ̀ rí, ṣé kì í gbóná? Ọ̀yà mọ̀ ọ́n. Ojúkòkòrò ni kò jẹ́ kó rántí. Ọyẹ́ sì ń mú, inú àká yẹn wá lọ́wọ́ọ́wọ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ Ọ̀yà ń sùn.

Ẹtu gbé koríko tirẹ̀ délé. Koríko náà ti bu nínú, ó ń rùn. Kí ìyá tó gbá a dànù, ebi ti mú kí ọmọ jẹ ẹ́. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ọmọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Ó dùn mí, mi ò lè parọ́.

Ẹtu rin ọ̀nà jíjìn kó tó rí omi ìkòkò kan. Bó ṣe ń bọ̀, ó rí èéfín lójúde Ọ̀yà. Àká ti gbiná láti inú wá!

Ọ̀yà ń ké: "Ẹ gbà mí o! Àwọn ọmọ mi wà nínú rẹ̀!"

Ẹfọ̀n sáré dé. Gbogbo wọn sáré dé. Omi dà? Ọ̀yà ti gbọ́n adágún gbẹ.

Ẹtu sọ ìkòkò rẹ̀ kalẹ̀. "Omi tí mo fẹ́ fi wẹ òkú ọmọ mi ni. Ẹ gbà á. Ọmọ kò mọ ohun tí bàbá ṣe."

Wọ́n dà á síná. Kò tó.

Ọ̀yà jókòó sínú eérú. "Ìyá Ẹtu, kí ló pa ọmọ tìrẹ?"

Ẹtu gbé ìkòkò òfìfo rẹ̀.

"Koríko yín ni."

Láti ọjọ́ náà, bí ọdẹ bá tiná bọ igbó, gbogbo ẹranko a máa sá lọ. Ọ̀yà nìkan ló ń yí padà, tó ń sá yí iná ká, tí ọdẹ fi ń rí i pa. Ọmọ ló ń wá.

Ibẹ̀ ni mo bá àlọ́ mi dé. Bí mo bá purọ́ mọ́ Ọ̀yà, kí n dá orin lọ́la, kí ẹ má gbè é.