Ọwọ́ Tí Ológbò Fi Itọ́ Fọ̀

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ológbò apẹja lọ́wọ́. Ẹ̀gún ẹja àrọ̀ gún un, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn. Ehoro ìyàwó rẹ̀ fi orin bẹ̀ ẹ́:

Baálé mi, ẹ fọwọ́ o.
Omi ń bẹ, ọṣẹ ń bẹ!

“Ṣé ìwọ lo bí mi ni? Itọ́ mi tó oògùn.” Ológbò lá egbò náà.

Lọ́jọ́ kejì, ọwọ́ wú bí ìkòkò. Ehoro kọrin, Ológbò lá a. Lọ́jọ́ kẹta, ọwọ́ dúdú, ó ń rùn. Ehoro ń sunkún kọrin. Ológbò tún lá a!

Háà! Ẹ̀yin ọmọ, gígé ni wọ́n gé ọwọ́ ìpẹja náà!

Ológbò ké pé, “Ẹ̀gún kékeré yẹn?”

“Ìdọ̀tí tó bá ẹ̀gún wọlé ni, baálé mi.”

Ẹ wo ológbò ilé yín, itọ́ ló ṣì fi ń fọwọ́. Bí mo bá purọ́, kí àrọ̀ gún èmi náà. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ ó fi fọ egbò yín?

Omi ń bẹ, ọṣẹ ń bẹ!