Láwọyin Ọ̀mọlé àti Àgbàrá Òkè Mẹ́ta

Láwọyin Ọ̀mọlé ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ èyí tó pọ̀ jù nínú ilé Olókèmẹ́ta, ìlú kan tí òkè mẹ́ta yí ká bí òkúta ààrò. Bí òjò bá rọ̀, omi òkè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á dà pọ̀, á gba àárín ìlú kọjá. Ní ilé tí Láwọyin bá mọ, ó máa ń fi ọ̀bẹ ha ibi tí àgbàrá ọdún náà dé sára ògiri. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, àwọn obìnrin á po imí màlúù mọ́ omi ewé, wọ́n á fi pa ògiri, àmì á sì fara pamọ́. Ta ló fẹ́ kí àlejò bá ẹrẹ̀ lára ilé òun? Ilé tirẹ̀ nìkan ni kò jẹ́ kí wọ́n pa, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Baba Onílé-Àbàjà.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Láwọyin bí. Ìbídùn lorúkọ rẹ̀, ọmọ Baálẹ̀ Olúgbọ̀ndé ló fẹ́, ìsàlẹ̀ ìlú ni wọ́n sì ń gbé. Nígbà tí Ìbídùn bí àkọ́bí, ọkàn baba rẹ̀ kò balẹ̀ mọ́. Ó mú ọparun, ó ń ti ilé dé ilé, ó ń ha imí màlúù kúrò kó lè wọn àwọn àmì àtijọ́.

“Baba, kí ni ògiri mi fi ṣe yín?” ni àwọn obìnrin ń bi í.

Ohun tó rí kò dára. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣán igbó orí òkè doko, ọdọọdún ni àmì náà ń gòkè.

Ó bu eérú, ó gba ilé Baálẹ̀ lọ. Ó fi eérú ya òkè mẹ́ta sílẹ̀, ó fa ọ̀nà tí àgbàrá ń gbà, títí eérú fi dé ibi tí ilé Ìbídùn wà.

“Kí Baálẹ̀ pẹ́,” ó ní, “ẹ jẹ́ ká gbẹ́ kòtò tó fẹ̀ bí ọjà sí ẹsẹ̀ òkè níbí. Bí àgbàrá bá dé, á kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, á wá máa yọ́ jáde díẹ̀díẹ̀.”

“Àna mi, ṣé oko obì mi kọ́ nìyẹn? Obì tí baba mi gbìn?”

“Òun ni, Baálẹ̀. Ibẹ̀ nìkan ni omi òkè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti ń pàdé.”

“Kí n wá gé obì tó ń so, nítorí omi tí kò tí ì dé? Láti ọjọ́ tí mo ti jẹ Baálẹ̀, àgbàrá kò wó ilé kankan. Ẹ fọkàn balẹ̀.”

Ká ní ẹlòmíràn ni, Láwọyin ì bá bá a jiyàn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣùgbọ́n ojú àna ló ń wò. Kò fẹ́ kí wọ́n pe Ìbídùn ní ọmọ aláfojúdi. Ó dọ̀bálẹ̀, ó jáde. Ìyàwó Baálẹ̀ mú ìgbálẹ̀, ó gbá eérú náà dànù.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan nínú oṣù Agẹmọ, òjò dé, kò sì dá títí di ìrọ̀lẹ́. Ọ̀nà tí eérú gbà gẹ́lẹ́ ni àgbàrá gbà. Kí Láwọyin tó wọ́ omi dé ìsàlẹ̀ ìlú, ògiri tó mọ fún ọmọ rẹ̀ ti wó. Wọ́n fa Ìbídùn yọ láàyè. Ọmọ ọwọ́ rẹ̀ ti kú. Láwọyin sunkún lójú gbogbo èèyàn, kò sì tijú.

Lọ́jọ́ kẹta, ìlú péjọ sílé Baálẹ̀. Àwọn kan ń bú òjò, àwọn kan ń bú òkè. Baálẹ̀ mi orí, ó ní, “Àgbàrá yìí dalẹ̀ wa.”

Láwọyin dìde. Lọ́jọ́ náà kò wo ojú àna kankan.

“Baálẹ̀, àgbàrá kò dalẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọdọọdún ló ń fi hàn wá lára ògiri pé òun ń bọ̀, àwa la ń fi imí màlúù bò ó. Ẹ̀yin gbà fún un nítorí obì. Èmi tí mo rí i, mo gbà fún un nígbà tí mo dákẹ́. Ìgbà wo ló sọ fún wa pé òun ò ní wólé? Àwa onílé ló yẹ ká ti sọ pé a ò gbà!”

Baálẹ̀ wọlé, ó mú àáké jáde, òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ gé obì baba rẹ̀. Gbogbo ìlú gbẹ́ kòtò náà títí ẹ̀ẹ̀rùn fi parí. Nígbà tí òjò dé, àgbàrá já bọ̀ láti orí òkè pẹ̀lú ariwo ti tẹ́lẹ̀, ó kún kòtò dé ẹnu, ó sì dúró síbẹ̀. Ìbídùn wà létí omi náà, ó ń wò ó, ó ń sunkún. Ilé kankan kò wó lọ́dún náà.

Láti ọjọ́ yẹn ni àwọn àgbà ti ń wí i fún ẹni tó bá rí ewu tó sì káwọ́ gbera pé: àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un.