Àmù Inú Ẹrẹ̀

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Omi ti gba abúlé tí wọ́n bí ìyá Arúwàjóyè sí tipẹ́, ṣùgbọ́n bí omi bá ti fà, ọkùnrin yìí àti Fẹ́hìntọlá àbúrò rẹ̀ a máa wá ohun àtijọ́ nínú ẹrẹ̀ etí odò. Lọ́jọ́ kan, wọ́n rí ẹnu àmù kan tó yọ síta. Arúwàjóyè dì í mú, ó fẹ́ fà á tu.

Fẹ́hìntọlá ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fà á!"

"Omi ti ń kún bọ̀. Ṣé kó tún gbé e lọ ni?"

"Ẹrẹ̀ tó ti ń dì í mú bọ̀ láti ìgbà náà kò ní í jù ú sílẹ̀ lónìí."

Arúwàjóyè fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìbínú. Nígbà tí omi tún fà, wọ́n fọwọ́ kó ẹrẹ̀ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi jáde, wọ́n sì gbé e lọ sílé. Ìyá wọn, tí kò ríran mọ́, ń fọwọ́ pa á lára tẹ̀ríntẹ̀rín, àfi bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe bá ibi tó ti sán láti ẹnu dé ìdí.

"Ta ló fara balẹ̀ gbé èyí jáde?"

"Fẹ́hìntọlá ni," Arúwàjóyè dáhùn. "Èmi ì bá kó àpáàdì wá fún yín."