Àgbẹ̀ Tó Ń Fi Dòjé Já Kupuasú

Ìyá Olúmuyìwá, ọkùnrin kan wà ní apá Oǹdó tó mọ kòkó bí ẹni mowó. Àna rẹ̀ kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun gbé igi kékeré kan bọ̀ fún un láti Bùràsílì. Ó ní, "Kupuasú ni wọ́n ń pè é. Ìbátan kòkó ni."

Ọkùnrin náà gbìn ín sáàárín kòkó rẹ̀. Lọ́dún kẹrin, igi so. Èso rẹ̀ gùn, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ti ilẹ̀. Ọkùnrin yìí ń retí kó pọ́n bíi kòkó, kò pọ́n. Ló bá fi dòjé já gbogbo rẹ̀. Nígbà tó là á, ó le, ó kan, kò ta sánsán. Bó ṣe ṣe nígbà tó so lẹ́ẹ̀kejì àti lẹ́ẹ̀kẹta náà nìyẹn. Nígbà tó so lẹ́ẹ̀kẹrin, ó gbé àáké.

Ìyàwó rẹ̀ dì í lọ́wọ́ mú. "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yin lẹ̀ ń já a. Ṣé ẹ ti fi í sílẹ̀ rí?"

"Àgbẹ̀ wo ló ń dúró kí kòkó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá?"

Síbẹ̀, ó gbé àáké sílẹ̀ nítorí ìyàwó rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò dá, òórùn dídùn gba oko kan. Èso mẹ́ta ti já sílẹ̀ fúnra wọn. Ìyàwó fọ́ ọ̀kan, inú rẹ̀ funfun nini. Ó fi àlùmọ́gàjí gé ẹran rẹ̀ kúrò lára kóró, ó pò ó mọ́ omi àti oyin. Ọkọ rẹ̀ mu ife mẹ́ta láìmí. Wọ́n yan kóró, wọ́n gún un. Ọ̀rá tó jáde dì bí òrí, òun ni wọ́n fi pa gìgísẹ̀ rẹ̀ tí ọyẹ́ ti là.

Ẹ̀rín pa á. "Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń já ohun tó ń bọ̀ wá bá mi!"

Màmá, ìyàwó Muyìwá ti ń rẹ́rìn-ín, ó ti ń sọ̀rọ̀, láti ọjọ́ tó ti wọlé yín. Ìyàwó Fọláhàn, àbúrò Muyìwá, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ní tiẹ̀. Ojoojúmọ́ lẹ̀ ń bi í pé kí ló fi pa mọ́, ẹ sì ti ń sọ pé kí Fọláhàn dá a padà sílé wọn. Oṣù márùn-ún péré ló tíì lò nílé yín! Ẹ rọra. Lọ́la, ẹ pè é kẹ́ ẹ jọ rẹ́ ilá. Ẹ má bi í ní nǹkan kan. Bó bá dákẹ́, kí ẹ̀yin náà dákẹ́. Ilá á ṣáà jinná.